Lẹ́tà Méjì Tó Wà Nísàlẹ̀ Ìwé Ìdánwò

Mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ orúkọ obìnrin tó ni ilé ìwé, mo mọ ti bàbá tó bí i. Mo mọ orúkọ tísà ìṣirò, àti ti ìyàwó rẹ̀ tó ń ta búrẹ́dì. Mo mọ orúkọ ẹni tó gun ọ̀kadà. Bí mo bá pajú dé, mo lè pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bíi tísà tó ń pe réjísítà. Ṣùgbọ́n mi ò ní kọ ìkankan síbí. Orúkọ ọmọ mi ni wọ́n gbé síta kí àwọn èèyàn máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mi ò sì ní fi tiwọn gbẹ̀san. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni màá sọ.

Iṣẹ́ táípù ni mo fi tọ́ ọmọ náà. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fi mí sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń kọ́ èèyàn ní táípù. Nígbà tí ọ̀nà márosẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ajah, tí iyanrìn àti igi àgbọn ṣì pọ̀ ju ilé lọ, mo gbé tábìlì kan àti ẹ̀rọ táípù kan sábẹ́ páànù létí títì. Àwọn ìdílé onílẹ̀ ló kọ́kọ́ bọ́ mi. Ìwé àdéhùn ilẹ̀ ni mò ń táípù fún wọn látàárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Nígbà tó yá, àwọn tísà bẹ̀rẹ̀ sí í wá, wọ́n ń gbé ìbéèrè ìdánwò bọ̀.

Ti ìṣirò ni gbogbo atáípù máa ń sá fún. Bí wọ́n bá dé ibi tí nọ́ńbà kékeré kan jókòó sórí èjìká lẹ́tà, àyè ni wọ́n máa fi sílẹ̀ kí tísà fi bírò kọ ọ́ sí i tó bá délé. Èmi kì í fi àyè sílẹ̀. Mo máa ń yí rólà wálẹ̀ ní ìdajì, màá tẹ nọ́ńbà náà, màá tún yí i padà. Bó bá jẹ́ ìdá ni, màá tẹ tòkè, màá yí i, màá fa ilà, màá tún yí i, kí n tó tẹ tìsàlẹ̀. Mi ò mọ ohun tí ìṣirò náà ń sọ. Títí di òní, mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó yẹ kí olúkúlùkù jókòó sí, mi ò sì gbé ẹnikẹ́ni sí àga ẹlòmíràn rí.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ tún kọ́ mi ní nǹkan kan. Ó ní tí mo bá táípù ìwé tán, kí n fi lẹ́tà méjì tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lápá òsì, ní kékeré. Ó ní tí àṣìṣe bá wà nínú ẹ̀, kí wọ́n lè mọ ilé ẹni tí wọ́n máa wá. Mo kọ́ ọmọ mi náà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Nígbà tí ẹ̀yìn mi ò gba ìjókòó mọ́, òun ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Ó gba ṣọ́ọ̀bù sí Awoyaya, létí títì náà ni, ó ra kọ̀ǹpútà alágbèéká kan. Mo kórìíra kọ̀ǹpútà yẹn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó sídìí ẹ̀, mo tẹ x, mo fẹ́ tẹ 2 sórí ẹ̀, ọwọ́ mi bá ń wá nǹkan kiri lẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Màámi, kí lẹ̀ ń wá?”

“Rólà.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Rólà ti kú o! Ẹ bá wa kí àwọn ẹbí ẹ̀.”

“Ẹnu ẹ ló máa pa ẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé nọ́ńbà yìí gòkè?”

“Ẹ má gbé e. Òun fúnra ẹ̀ ló máa gùn ún.”

Ó mú ìka mi méjì. Ó fi ọ̀kan tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n kọ Alt sí, ó fi èkejì tẹ àmì onílà méjì tí wọ́n fi ń sọ pé nǹkan dọ́gba. Àpótí kékeré kan yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ó ní inú àpótí yẹn ni ìṣirò ń gbé, pé ẹni tó bá kọ ọ́ síta ń fìyà jẹ ẹ́ ni. Mo tẹ x. Ó ní kí n tẹ àmì tó dà bíi fìlà, kí n wá tẹ 2. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo wọn tò sórí ilà kan, x, fìlà, 2, wọ́n ń wò mí.

“Irọ́ lò ń pa.”

“Spéèsì, Màámi. Bí ẹ ò bá tẹ spéèsì, wọ́n á jókòó máa wò yín títí di ọ̀la.”

Mo tẹ spéèsì. Fìlà pòórá, 2 fò sókè, ó sì kéré lọ́gán bí ìgbà tí ẹnì kan kìlọ̀ fún un. Mo pariwo. Obìnrin tó ń ta káàdì fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sáré wá wò ó, ó rò pé ejò ni.

Bó ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin: mẹ́ta, ilà tó dagun, mẹ́rin, spéèsì, mẹ́ta á gun orí mẹ́rin. Nọ́ńbà tó ní òrùlé lórí: ilà tó dagun sẹ́yìn, lẹ́tà mẹ́rin kan tó ní kí n há sórí, s, q, r, t, spéèsì, òrùlé á yọ, kí n wá fi nọ́ńbà sábẹ́ ẹ̀. Ó tún fi ìwà burúkú kan tí àpótí yẹn ní hàn mí. Tó bá dá wà lórí ilà kan, á sá lọ sáàárín pépà. Ó ní kí n kọ nọ́ńbà ìbéèrè síwájú ẹ̀, á dúró jẹ́ẹ́ lápá òsì. Ṣùgbọ́n tó bá ti dúró jẹ́ẹ́ báyẹn, ìdá inú ẹ̀ á sún kì, á kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Torí náà, kí n fa dúdú lé e lórí kí kọ̀ǹpútà lè mọ èyí tí mo mú, kí n wá gbé ìwọ̀n ẹ̀ sí mẹ́rìnlá. “Ojú àwọn ọmọ ni mò ń rò, Màámi. Ẹni tí ẹ̀rù ìdánwò ń bà ò tún gbọdọ̀ máa wá ibi tí nọ́ńbà wà.”

A ní bí a ṣe ń ṣe é. Tó bá táípù tán, á tẹ ẹyọ kan jáde. Màá gbé ìwé ọwọ́ tísà sápá òsì, màá gbé tiwa sápá ọ̀tún, ìka mi á máa lọ lórí méjèèjì. Òun á máa pè é látorí àga ẹ̀, á tún máa jẹ̀pà.

“Ìkíní. Èjì kékeré?”

“Ó wà lókè.”

“Ìdá?”

“Ó dúró.”

“Òrùlé?”

“Ó bo gbogbo ẹ̀.”

Màá fi bírò búlúù fa àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dìgbà tí mo bá fa èyí tó kẹ́yìn kó tó fi lẹ́tà méjì tiẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Kò fi í sí i ṣáájú ìyẹn rí. Àní kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ilé ìwé kan wà nínú ẹ́síteètì kan tó kọjá Ajah, tí géètì ẹ̀ ga ju ilé mi lọ. Obìnrin tó ni ín ló gbé ìbéèrè ìdánwò ìṣirò wá fún ọmọ mi, ogún ìbéèrè. A yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́rú. Mo fà á tán. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọmọ mi ki kọ̀ǹpútà bọ báàgì, ó fi fíláàṣì tó kó iṣẹ́ náà sí sí àpò ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó ní òun ń gbé e lọ fún màdáámù. Ó sọdá títì níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kadà kan ń bọ̀ láti ibi tí kò yẹ kí ọkọ̀ ti máa bọ̀, ó kọjú sí àwọn mọ́tò, ó ń sáré.

Mi ò ní kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn. Àwọn tó kọ́ ọ̀nà yẹn ronú gbogbo ohun tó ní táyà. Wọn ò ronú ẹni tó ní ẹsẹ̀.

Wọn ò jẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Bí àwa ṣe ń ṣe nìyẹn, wọn kì í fi ibojì ọmọ han òbí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi parí, tó ń sọ pé kí n gba kádàrá. Àwọn èèyàn wọlé, wọ́n jáde, wọ́n ní ó ti lọ sinmi. Ta ló sọ fún wọn pé ó rẹ̀ ẹ́? Ọ̀rá nílọ́ọ̀nù kan ni wọ́n kó fún mi láti ọsibítù: bàtà ẹsẹ̀ kan, fóònù tí ojú ẹ̀ ti là, kọ̀ǹpútà tó ká bíi búrẹ́dì tí èèyàn jókòó lé, àti fíláàṣì tó ti tẹ̀ sí méjì.

Ní ọjọ́ kẹjọ ni tísà ìṣirò ilé ìwé náà wá kí mi. Èèyàn Òkè-Ògùn ni, èèyàn jẹ́jẹ́. Etí àga ló jókòó sí, ó ń yí fìlà ẹ̀ lọ́wọ́.

“Màmá, ẹ̀rí ọkàn ni ò jẹ́ kí n lè dákẹ́,” ló wí. “Àwọn ọmọ ti ṣe ìdánwò náà lọ́jọ́ Ajé. Kò sẹ́ni tó lè ṣe é. Àwọn òbí wá bínú, màdáámù sì dúró níwájú wọn, wọ́n ní… ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi.”

“Kí ló ní?”

“Màdáámù ní obìnrin tó táípù ẹ̀ ló bà á jẹ́. Wọ́n ní ó sì ti kú, kí Ọlọ́run dárí jì í.”

Ó fa pépà náà lé mi lọ́wọ́. Mo wo ìbéèrè àkọ́kọ́. Ohun tí mo fa bírò sí lọ́jọ́rú ni x tó ní èjì kékeré lórí èjìká, pẹ̀lú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ohun tó wà níbí ni x2 + 34. Èjì ti já bọ́ sílẹ̀, ó sanra bí x fúnra ẹ̀. Mẹ́ta àti mẹ́rin ti di mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mo lọ sí ìbéèrè keje, òrùlé ti ṣí lọ, nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ wà nínú oòrùn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí títí dé ogún. Mo wá wo ìsàlẹ̀ pátápátá, lápá òsì. Gbogbo nǹkan ló já bọ́ nínú ìwé yẹn. Lẹ́tà méjì orúkọ ọmọ mi nìkan ni kò já.

Mo dìde, mo gbé fóònù tí ojú ẹ̀ là. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i, ọmọ mi ló kọ́ mi. Mo wá ibi tí òun àti màdáámù ti ń sọ̀rọ̀. Ohùn obìnrin náà ló kọ́kọ́ jáde, lálẹ́ ọjọ́bọ̀: “Má fi fáìlì ránṣẹ́ sí mi o, fóònù mi kì í ṣí i. Ṣáà kópì ẹ̀, kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ mẹ́sééjì. Mo kàn fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ni.” Ọmọ mi ṣe é. Inú mẹ́sééjì ò sì ní àpótí tí ìṣirò lè gbé. Ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀, mo kà á nígbà mẹ́ta:

“Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má lo eléyìí o. Àwọn nọ́ńbà òkè ti wálẹ̀, ìdá ti tú. Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ nìkan ni kí ẹ kà. Mò ń gbé èyí tó pé bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la.”

Obìnrin náà fi àwòrán àtàǹpàkò dá a lóhùn. Ó rí i. Ó kà á. Ó nàka sókè pé ó dáa.

Ìwé tó pé yẹn lọmọ mi gbé sọdá títì.

“Fi sílẹ̀,” ẹ̀gbọ́n mi wí. “Òun tó kú, ṣé ó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ni?”

“Èmi gbọ́.”

“O ò gbọdọ̀ jáde. Inú ọ̀fọ̀ lo wà.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà yìí.”

Mo gbé ọ̀rá ọsibítù dání, mo mú pépà wa, èyí tí mo fa bírò búlúù sí. Òun nìkan ló kù nínú iṣẹ́ náà. Tísà bá mi lọ, ó ń bẹ̀ mí lọ́nà kí n ṣe jẹ́jẹ́. Mo sọ fún un pé mo ti ṣe jẹ́jẹ́ láti ọjọ́ Ẹtì tó kọjá.

Obìnrin náà dìde nígbà tó rí mi ní ọ́fíìsì ẹ̀. “Ẹ̀ẹ̀! Màmá! Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ò bá ti ránṣẹ́ sí wa, àwa là bá wá…”

Mi ò jókòó. Mo gbé fóònù sórí tábìlì, mo jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ohùn ẹ̀ kún inú ọ́fíìsì: má fi fáìlì ránṣẹ́ sí mi o. Akọ̀wé ẹ̀ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀.

“Ohùn ta nìyẹn?”

“Màmá…”

“Mo ní ohùn ta ni?”

“Tèmi ni, mà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ Ajé ni ìdánwò. Kò ṣeé sún síwájú. Èyí tó wà lọ́wọ́ la lò.”

“Ìyẹn ò dùn mí. Ẹni tí ò ní ẹran á fi omi jẹun. Kí ló dé tí o ò sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn òbí? Kí ló dé tó o fi gbé e lé ẹni tí ò lè dìde sọ̀rọ̀ lórí?”

Mo mọ̀ pé “o” ni mo ń pè é. Èèyàn tí gbogbo ẹ́síteètì ń pè ní “ẹ”. Kò bẹ̀ mí pé kí n yí i padà.

“Ẹ má bínú. Kí lẹ fẹ́ ká ṣe?”

“Kí àwọn ọmọ tún un ṣe, pẹ̀lú ìwé tó pé. Kó o sì kọ̀wé sí àwọn òbí.”

“Màmá, ta ló máa táípù ẹ̀? Akọ̀wé mi ò gbọ́ ti ìṣirò.”

Akọ̀wé náà mi orí. “Àyè ni mo máa ń fi sílẹ̀, mà.”

“Dìde níbẹ̀,” mo wí fún un.

Mo jókòó. Mo kọ nọ́ńbà ìbéèrè, mo tẹ Alt pẹ̀lú onílà méjì, àpótí yọ. Mo tẹ x, fìlà, 2. Wọ́n tò, wọ́n ń wò mí. Kò gùn. Mo tún un tẹ̀, kò gùn. Obìnrin náà mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi bíi pé ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo wá rántí. Spéèsì, Màámi. Mo tẹ̀ ẹ́, èjì fò sókè.

Mi ò sunkún. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé mo sunkún ní ọ́fíìsì yẹn.

Mo táípù ogún ìbéèrè. Oòrùn kúrò lójú fèrèsé kan, ó bọ́ sí òmíràn. Mo fa dúdú lé ìdá kọ̀ọ̀kan lórí, mo gbé e sí mẹ́rìnlá, nítorí ojú àwọn ọmọ. Mo tẹ ẹyọ kan jáde, mo gbé e sápá ọ̀tún, mo gbé ti bírò búlúù sápá òsì. Kò sẹ́ni tó máa pè é, mo bá pè é fúnra mi, mo sì ń dáhùn. Èjì kékeré? Ó wà lókè. Ìdá? Ó dúró. Òrùlé? Ó bo gbogbo ẹ̀. Wọ́n wò mí bíi wèrè. Ìyẹn ò kàn mí.

“Ẹ fi lẹ́tà tiyín sí ìsàlẹ̀, Màmá,” obìnrin náà wí, ohùn ẹ̀ ti rọ̀. “Ẹ̀yin lẹ táípù ẹ̀.”

“Èmi kọ́.”

Mo fi lẹ́tà méjì ti ọmọ mi sí i, ní kékeré, lápá òsì.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kọ lẹ́tà sí àwọn òbí, lójú mi. Ó kọ ọ́ pé àṣìṣe kọ̀ǹpútà ni. Mo ní kó pa á rẹ́. Kọ̀ǹpútà kọ́ ló na àtàǹpàkò sókè. Ó kọ ọ́ pé àṣìṣe ilé ìwé ni. Mo ní ilé ìwé kì í ní ìka. Ó wò mí, ó wo tísà, tísà ń wo fìlà ẹ̀. Ó wá kọ ọ́ pé atáípù ti kìlọ̀ fún òun, pé òun kà á, pé òun lòun lo ìwé tí kò yẹ. Ó buwọ́ lù ú.

Mo tún ní kí wọ́n kó gbogbo ìwé ìdánwò ti ọjọ́ Ajé wá. Mo yá sísọ́ọ̀sì akọ̀wé, mo gé igun ìsàlẹ̀ lápá òsì kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo ibi tí lẹ́tà méjì yẹn wà. Kò sẹ́ni tó dá mi dúró. Ìyókù ìwé náà, mo fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Bí mo ṣe fẹ́ jáde, obìnrin náà di ọwọ́ mi mú. “Màmá, ẹ jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀ báyìí.”

Mo pe orúkọ ẹ̀, àti ti bàbá ẹ̀, lójú ẹ̀. Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ mi. Mo kó àwọn igun pépà náà bọ inú ọ̀rá tí fíláàṣì wà, mo sì fi ẹsẹ̀ mi rìn lọ síbi títì.